Ìbéèrè Fadérera Lẹ́yìn Àmín

Bí wọ́n ti parí ìjọsìn òwúrọ̀ ní yunifásítì ìjọ kan ni Gómìnà wọ ilé ìjọsìn wọn, ó dúró níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìṣèlú, bí gbogbo gómìnà ṣe ń ṣe. Òfin kankan kì í fẹsẹ̀ múlẹ̀ mọ́ àfi tí ìbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí bá sọ iná orí pẹpẹ di àwọ̀ ewé. Lọ́tẹ̀ yìí, omi òjò orí òrùlé àwọn ará ìlú ni Gómìnà fẹ́ fi òfin gbà.

Fadérera, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà, dìde.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ṣé wọ́n á gba ti orí òrùlé yín náà?"

Gómìnà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọmọ mi, ẹ jẹ́ ká pa ojú wa dé, ká gbàdúrà fún ìpínlẹ̀ wa."

Ọgbọ́n tó ti kó ọ̀pọ̀ gómìnà yọ nìyẹn. Lẹ́yìn Àmín, olùbéèrè a jókòó, ilẹ̀kùn a sì ṣí fúnra rẹ̀ kí gómìnà lè jáde láìdáhùn.

"Àmín, sà," ni Fadérera wí. Kò jókòó. "Ti orí òrùlé yín ńkọ́?"

Gómìnà wo ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn ò mira.

"Rárá," ló dáhùn, pẹ̀lú òógùn lójú.

Kíá ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dìbò, iná pẹpẹ sì di pupa fòò. Òfin ṣubú! Halelúyà gba gbogbo ilé kan.

Fadérera gbọ́wọ́ sókè. "Ó yá, sà, ẹ jẹ́ ká wá gbàdúrà báyìí."