Aṣọ́nà Ilé Oyin

Àlọ́ mi fò wìì, ó bà lé ilé oyin kan nínú ihò igi ayùnrẹ́.

Iná ìgbẹ́ rú èéfín wọ ihò náà, òórùn rẹ̀ sì mọ́ àwọn oyin tó ń di afárá mú kó má baà já lára. Òórùn ni Aṣọ́nà tó dúró lẹ́nu ọ̀nà fi ń mọ ará ilé. Ó fa imú, ó yọ oró sí wọn.

Wọ́n fi orin bẹ̀ ẹ́:

"Aṣọ́nà, ọmọ ìyá rẹ ni wá."
Wììrìn.
"Èéfín ló yí òórùn wa padà."
Wììrìn.

"Bí ẹ bá jẹ́ ọmọ ìyá mi, òórùn ilé ni ì bá wà lára yín," ni Aṣọ́nà wí. Ó ta wọ́n pa.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, afárá já. Aṣọ́nà ṣì ń yangàn pé òun lé ọ̀tá.

Ìyá tó bí gbogbo wọn dáhùn lábẹ́ àwókù afárá: "Ẹnu ọ̀nà tí o dúró sí ni èéfín gbà wọlé. Ṣé o ti gbóòórùn ara rẹ?"