Ẹni Tó Wọn Òpó Ilé

Ayàwòrán ilé fi ọwọ́ méjèèjì lu ilẹ̀kùn.

"Àǹtí Àmúdàtù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn! Agogo méjì ni ọkọ̀ òfuurufú mi máa gbéra lọ sí Róòmù!"

"Kó máa lọ," ni àǹtí dáhùn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ta ló ní kí o máa fi téèpù wọn òpó ilé ẹbí? Ẹni tó fẹ́ jí ewúrẹ́ gbé, okùn ló kọ́kọ́ ń wá. O fẹ́ ta ilé wa!"

"Mi ò ta nǹkan kan! Àwọn tó pè mí sí Róòmù láti kọ́ nípa òpó ilé àtijọ́ ló ní kí n ya àwòrán ilé àtijọ́ kan láti ìlú mi wá."

"Ṣé òpó ti tán ní Róòmù ni? Àlàájì Síkírù ní kí a tì ọ́ mọ́lé títí òun á fi dé. Òun sì ni olórí ẹbí."

Ayàwòrán náà ń lọ, ó ń bọ̀ nínú yàrá bí ẹkùn inú àgò. Irin ló wà lójú fèrèsé. Wọ́n pe ìrun àìlà, wọ́n kí i tán. Agogo ògiri lu méjì, ayàwòrán náà sì jókòó sórí àpótí ẹrù rẹ̀.

Nígbà náà ni kọ́kọ́rọ́ yí. Àlàájì wọlé pẹ̀lú ọkùnrin àjèjì kan tó wọ kóòtù. Àlàájì ti rán àǹtí níṣẹ́ lọ sí òpópónà Adéníji Adélé.

"Má bínú, ọmọ mi," ni Àlàájì sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Àwòrán ilé tí o yà yẹn dà? Ọ̀gá yìí tó ra ilé fẹ́ mọ bí àwọn òpó náà ṣe nípọn tó, kí katapílà rẹ̀ tó dé lọ́la."