Ẹni Tó Ń Bá Bàbá Tọ́jú Owó Ìfẹ̀yìntì

"Ẹ yọ ọ́ kúrò kí ẹ tó ṣírò owó orí mi!" Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì náà gbá tábìlì òṣìṣẹ́ owó orí. "Ẹni tó ń bá mi fi owó ìfẹ̀yìntì mi ṣòwò ń yọ owó iṣẹ́ tirẹ̀. Ṣé n óò tún san owó orí lórí ohun tí kò dé àpò mi ni?"

"Ẹ fara balẹ̀, Bàbá. A lè yọ ọ́. Ẹni tó gbà á ni yóò san owó orí rẹ̀. Ta ni?"

Bàbá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyàwó mi ni."

Òṣìṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín. "Ó yá, ẹ lọ sọ fún wọn nílé!"

"Èmi kẹ̀? Ọmọ mi, jẹ́ kí n san án."

Ni ilẹ̀kùn bá ṣí. Ìyá fúnra wọn ló wọlé, wọ́n wá wo ohun tó dá ọkọ wọn dúró. Bí òṣìṣẹ́ ti rí wọn, ó fò dìde.

"Áà, ìwọ nìyí!" ni ìyá wí fún un. "Ṣé o ti rí èrè tí mo bá ọ pa lórí owó tí ò ń fi pamọ́ de ìfẹ̀yìntì rẹ? Mo ti yọ owó iṣẹ́ tèmi o."

"Mo rí i, Mà. Ẹ ṣeun, Mà."

"Kí lẹ̀yin méjèèjì ń sọ kí n tó wọlé?"

"Òjò ni, Mà."

Àwọn ọkùnrin méjèèjì gbójú sókè, wọ́n ń wo àjà bí ẹni pé ibẹ̀ ló ti ṣú.