Aláàárù Tó Ń Ju Apá Nítorí Aago

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má kàn wo ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí kẹ́ ẹ sì kọjá lọ. Ẹ kà á tán pátá, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi agbára jẹun.

1.
Ọkùnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Apá Irin. Òun àti àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá kan náà, ni wọ́n jọ ń kó ẹrù fún àwọn tó bá ń kó lọ sílé tuntun. Iṣẹ́ náà ní òfin kan. Tí wọ́n bá ń gbé ẹrù ńlá sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ẹni tó wà nísàlẹ̀ á máa fi ẹ̀yìn rìn, ẹrù á dojú kọ àyà rẹ̀. Ẹni tó wà lókè kò gbọdọ̀ tú ọwọ́ kankan sílẹ̀ títí ẹni ìsàlẹ̀ á fi sọ pé, "Ó ti balẹ̀."

Apá Irin ló máa ń wà lókè. Àbúrò rẹ̀ gbẹ́kẹ̀ lé e pátápátá.

2.
Dókítà sọ fún Apá Irin pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, kó dín ikùn kù. Ìmọ̀ràn gidi ni. Ó bá ra aago ọwọ́ kan tó ń ka kálórì, ìyẹn bí ara ṣe ń jó oúnjẹ téèyàn bá ń ṣiṣẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló wá fi kún un pé tí aago ò bá tíì pé iye tóun fẹ́, oúnjẹ ò ní kan òun lẹ́nu.

Ẹ wá wo wàhálà. Apá tó bá ń jù ni aago yìí mọ̀, kò mọ ẹrù. Téèyàn bá fọwọ́ méjèèjì di ẹrù mú, apá ò lè jù. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé kọ́bọ́ọ̀dù àti bẹ́ẹ̀dì sọ̀kalẹ̀ títí ẹ̀yìn wọn fi ń ro wọ́n, aago ní kò ṣe nǹkan kan.

Ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀.

"Gbé e kúrò. Mi ò tíì ṣiṣẹ́ lónìí."

"Dádì! Ẹsẹ̀ yín ń gbọ̀n níbi tẹ́ ẹ jókòó sí! Ṣé aago ló gbé ẹrù ni àbí ẹ̀yin?"

"Aago kì í parọ́."

Omi ló mu, ó lọ sùn.

3.
Kò pẹ́ tó fi rí ọgbọ́n dá sí i. Ó ń fi ọwọ́ kan gbé àga, ó ń ju ìkejì bíi sójà. Aago ń sáré. Ó ń fi í han àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, orí rẹ̀ ń wú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹrù ńlá dán an wò o."

"Ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́ yìí?"

Àbúrò rẹ̀ bá yíjú sí ẹrù tó kàn.

Lọ́jọ́ burúkú náà, fíríìjì ni wọ́n ń gbé bọ̀ láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Apá Irin ò tíì jẹun láti àná, ojú rẹ̀ ń ṣú. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí àtẹ̀gùn ti yí, ó wo aago tó wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Ó ku díẹ̀ báyìí kó pé. Ó ní lọ́kàn rẹ̀ pé ọwọ́ ọ̀tún nìkan á tó. Ó tú ti òsì sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jù ú.

"Ẹ̀gbọ́n, ó ti ń wúwo jù lọ́dọ̀ mi! Ṣé ẹ mú un?"

"Mo mú un! Máa lọ!"

Irọ́ ni. Òòyì kọ́ ọ, ọwọ́ ọ̀tún yọ̀, fíríìjì já.

"Ẹ̀gbọ́n mi ooo!"

4.
Ọlọ́run ṣe é, ẹ̀mí ò bọ́. Ṣùgbọ́n fíríìjì ti rún orúnkún àbúrò rẹ̀, kò lè ká mọ́ láé. Ẹni tó ń sáré gun àtẹ̀gùn ló wá di ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn.

Nígbà tó lajú lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ohun tó kọ́kọ́ sọ nìyí:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ẹ mú un. Kí lẹ wá ń fi ọwọ́ kejì ṣe?"

Apá Irin bọ́ aago náà kúrò lọ́wọ́, ó gbé e lé orí bẹ́ẹ̀dì. Ó bú sẹ́kún. Àbúrò rẹ̀ ṣì ń wò ó, ó ń dúró de èsì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, ẹ ra aago, ẹ dín ikùn kù, kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ má ṣe é. Ṣùgbọ́n tí ara yín bá ní ebi ń pa òun, ara yín ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́. Tí ẹlòmíì bá sì fi ẹ̀mí rẹ̀ sí yín lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì mú un. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí aláàárù kan tẹ́ ẹ mọ̀, kó tó gbé ẹrù ọ̀la.