Iná Tí Kì Í Kú

Láídé kì í tọrọ iná. Lọ́dún 1984, tí ìṣáná di ohun tí wọ́n ń fi pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, àwọn obìnrin Òde Rẹ́mọ a máa ru àpáàdì kiri ní ìdájí, wọn a máa bẹ aládùúgbò fún ẹyin iná. Láídé kì í bá wọn lọ. Bó bá ti lọ ẹ̀wà dé láti ibi ẹ̀rọ, tó tú eérú ààrò rẹ̀ nínú àgbàlá, á bá iná pupa níbẹ̀. Àkàrà rẹ̀ á dé ìdíkọ̀ kí ọkọ̀ Ṣágámù àkọ́kọ́ tó gbéra. Àkàrà náà ló ń bọ́ ọmọ mẹ́ta tí ọkọ rẹ̀ kú fi sílẹ̀.

Yúnúsà onígi kìlọ̀ fún un pé igi àràbà tó ń rà ní ọ̀pọ̀ kì í di iná mú.

"Lọ́wọ́ ẹlòmíràn nìyẹn," ni Láídé wí.

Ellen, opó ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ń gbé ní òdìkejì àgbàlá. Igi obì gbígbẹ ni tirẹ̀, iná rẹ̀ a máa mú ganrínganrín, àfi Sátidé tí ìjọ rẹ̀ fi ń sinmi, tí kì í dáná rárá. Oṣù kẹjọ rèé tí àwọn méjèèjì ò kí ara wọn. Oko obì ló dájà sílẹ̀. Lọ́jọ́ náà, Ellen na ìka sí Láídé lójú.

"Ọlọ́run ń gbọ́! Títí n ó fi kú, o ò ní wá tọrọ iná nídìí ààrò mi!"

"Àpáàdì ló tó ko iná lójú," ni Láídé fèsì. "Mo tó yín í ko."

Nígbà tó yá, Láídé pe Ellen lẹ́jọ́ níwájú Bàbá Ṣóbọ̀wálé, olórí ẹbí.

"Bàbá, ó ń da eérú sójú ọ̀nà mi láràárọ̀. Bó bá sì lọ gbàdúrà ní Sátidé, iná mi á kú, n kì í sì rí àkàrà dín lọ́jọ́ náà. Ó fẹ́ febi pa àwọn ọmọ mi!"

"Ellen, ṣé ìwọ lo da eérú?"

Ellen wo ìka ọwọ́ rẹ̀ tó lé róró. "Èmi ni, Bàbá."

"Kí ló dé?"

"Mo ti búra, Bàbá."

Gbogbo ilé hó yèè. Àgbàlagbà tó fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́, kí la tún ń wádìí? Bàbá ní kí Ellen máa lọ bá Akínbọ́lá ọmọ rẹ̀ ní Ṣágámù. Ní ọ̀sán Sọ́ńdè, ó gbẹ́rù. Láídé pòṣé tẹ̀lé e dé ẹnu ọ̀nà, inú rẹ̀ dùn.

Ní ìdájí Mọ́ńdè, Láídé gbé ẹ̀wà lílọ̀ kalẹ̀, ó tú eérú. Ó tutù. Ó tọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìsàlẹ̀, kò rí ẹyin iná kan.

Ó mú àpáàdì láti lọ tọrọ iná, ṣùgbọ́n lẹ́nu ọ̀nà Ellen ló ti kọsẹ̀ lára àpáàdì mìíràn tí iná ti sun dúdú, eérú ìdájí àná sì tò láti ibẹ̀ tààrà dé ìdí ààrò òun fúnra rẹ̀.