Gbogbo Àdúgbò Ń Lé Ọ̀rá

Atẹ́gùn ti garawa ìdọ̀tí ṣubú, ọ̀rá inú rẹ̀ sì fò jáde, ó di ojú títì ìlú òyìnbó.

"Mo gbé! Ọlọ́run, má jẹ̀ẹ́ kó jẹ́ òní!"

Nọ́ọ̀sì tó ni garawa náà ju ìgbálẹ̀ nù, ó bá ẹsẹ̀ ẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ọ̀rá ń fò lórí mọ́tò, òun náà ń fò nílẹ̀. Bàtà ẹsẹ̀ kan ti dàwátì.

"Ẹ wo ọmọlúàbí!" Ìyá àgbà ilé kejì ló pariwo bẹ́ẹ̀, ẹni tó máa ń bá gbogbo àdúgbò jà pé ọ̀rá ló ń pa ẹja inú òkun. "Ẹ bá a mú un! Ẹja ló fẹ́ gbà là!"

Ni awakọ̀ bọ́ọ̀sì bá bẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó ń pín lẹ́tà náà ki eré mọ́lẹ̀. Wọ́n ń lé ọ̀rá kan ṣoṣo bí ẹni ń lé olè.

Ìyá àgbà ló fi ọ̀pá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Àtẹ́wọ́ sọ.

"Ẹ fún mi mà! Ẹ jọ̀ọ́, kíákíá!"

Nọ́ọ̀sì nawọ́, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Takisí ti dúró síwájú ilé Nọ́ọ̀sì. Màmá, ìyá ọkọ ẹ̀, ló ń sọ̀ kalẹ̀, tó wọkọ̀ òfurufú dé láti ilé.

Ìyá àgbà sáré gbé ọ̀rá náà lé e lọ́wọ́. "Ẹ wo iṣẹ́ ribiribi tí ọmọ yín ṣe!"

Màmá tẹ́ ọ̀rá náà wò.

Fọ́tò Màmá fúnra ẹ̀ ló wà lára ẹ̀, èyí tí wọ́n tẹ̀ sára ọ̀rá tí wọ́n pín fún àlejò nígbà tó pé àádọ́rin ọdún. Èèpo ẹyin lẹ̀ mọ́ ọn nímú.

Nọ́ọ̀sì fọwọ́ bojú.

Màmá bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó mi, ṣé torí èyí lo ṣe ń sáré? Fọkàn balẹ̀ jàre."

Ó nawọ́ sí àpótí gìrìwò méjì tó wà lẹ́yìn takisí.

"Gbogbo ọ̀rá tó ṣẹ́kù ni mo kó wá fún ẹ."