Ìsinmi ní Ẹ̀yìn Akpro-Missérété

Òwúrọ̀ ni wọ́n dé ìgbẹ́ ẹ̀yìn Akpro-Missérété. Àjàṣẹ́ kò jìnnà mọ́. Amidou sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ lábẹ́ ọ̀pẹ kan, ó ní kí àwọn sinmi di alẹ́.

"Di alẹ́, ọ̀gá?" Akambi bi í. "Ilé mà rèé."

"Ẹsẹ̀ ń dùn mí."

Láti orí òkè Atakora ni ẹsẹ̀ yẹn ti ń dùn. Níbi tí òkúta ti ń yọ̀ gan-an, Amidou a máa gùn ún bí ewúrẹ́. Àmọ́ bí wọ́n bá ti rí òrùlé páànù lọ́ọ̀ọ́kán, á jókòó, á ní ọjọ́ ìsinmi dé, á sì rán Akambi nìkan wọ ìlú lọ ra gààrí.

Akọ̀wé ni Akambi lọ́dọ̀ aláṣẹ kan ní Natitingou lápá àríwá. Nígbà tí àwọn sójà gba ìjọba lóṣù kẹwàá ọdún 1972, wọ́n mú ọ̀gá rẹ̀, wọ́n ní àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ náà yóò wá rojọ́. Akambi fẹsẹ̀ gba orí òkè, ó ń sá padà sọ́dọ̀ Morónkẹ́ ìyàwó rẹ̀. Orí òkè náà ló ti pàdé Amidou, sójà, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́.

"Níbo lò ń lọ?"

"Àjàṣẹ́."

"Èmi náà ń lọ síbẹ̀. A jọ máa lọ ni."

Ta ní í bá ìbọn jiyàn? Lọ́jọ́ náà gan-an ni Amidou gba bùbá Akambi kan wọ̀, ó di aṣọ sójà mọ́ ẹrù, ó sì fi ẹní wé ìbọn. Akambi mọ̀ pé báyìí ni àwọn amí ìjọba tuntun í ṣe.

Nísinsìnyí, lábẹ́ ọ̀pẹ, ìbéèrè tún bẹ̀rẹ̀.

"Láti ilé rẹ sí Adjarra ńkọ́, ó jìnnà?"

"Kò jìnnà, ọ̀gá."

"Èèyàn lè gba ibẹ̀ kọjá sí Nàìjíríà láìjẹ́ pé wọ́n rí i?"

Ibẹ̀ gan-an ni Akambi fẹ́ gbé Morónkẹ́ gbà. Ta ló sọ fún un?

"Mi ò mọ̀."

Amidou wò ó títí, ó yíjú sọ́nà. Ó dá Akambi lójú pé Amidou ń retí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọn á dé. Akambi dìde, ó gbé ẹrù rẹ̀ kọ́ èjìká.

"Ẹ má bínú, ọ̀gá. Ẹ̀yin ẹ máa sinmi. Èmi ń lọ bá ìyàwó mi."

Ó kẹ̀yìn sí i, ó ń rìn, ẹ̀yìn rẹ̀ ń retí ọta. Ìró bàtà ló gbọ́.

"Ìwọ lo mọ̀nà," Amidou sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó ń tẹ̀lé e bọ̀.

Ní àbáwọlé Àjàṣẹ́, àwọn sójà ti fi àgbá dí ojú ọ̀nà. Ọ̀kan rí wọn, ó nàka, àwọn yòókù sì sáré bọ̀. Akambi sọ ẹrù kalẹ̀, ó rántí Morónkẹ́, ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀, ó nà án síwájú fún okùn.

Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, wọ́n wó Amidou lulẹ̀, wọ́n dè é, olórí wọn sì gbá Akambi léjìká jẹ́jẹ́, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n, gbogbo ìlú la ti wá ẹ̀ṣọ́ ìjọba àná yìí dé, a ò mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ máa mú un wá fún wa."